Fáìlì Ariwo Jíìpù Akínwọlé

Akínwọlé Ọmọ́báyọ̀, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, gun ọ̀kadà láti Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ dé àárín ìlú Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Ó wọ kóòtù, ó de táì, ó sì gbé àpò ìwé lé itan. Fún ẹlòmíràn, èyí kì í ṣe ìròyìn. Ojoojúmọ́ ni ará Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ ń gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n Akínwọlé fẹ̀yìn tì ní ipò dáírẹ́kítọ̀ ní iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Àkúrẹ́, ó sì ní jíìpù dúdú kan tó ní ìjókòó mẹ́jọ. Nítorí náà, ọjọ́ yẹn ti di ọjọ́ tí wọ́n fi ń ka ọjọ́ ní àdúgbò rẹ̀. Wọ́n á ní, "Ọjọ́ kejì tí Dáírẹ́kítọ̀ gun ọ̀kadà ni mo gbin ẹ̀gẹ́ yìí."

Sùlè tó gbé e ti kìlọ̀ fún un kí wọ́n tó gbéra. "Bàbá, ẹ di èjìká mi mú o."

"Mi ò ní í di èjìká ẹnikẹ́ni mú," ni Akínwọlé dáhùn. "Ìwọ sáà wa ọ̀kadà rẹ."

Sùlè wà á. Ní kòtò kìíní, Akínwọlé di èjìká rẹ̀ mú. Ní kòtò kejì, ó dì mọ́ ọn bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n. Sùlè ń wà á lọ títí wọ́n fi dé Ọ̀wọ̀, tí Akínwọlé sọ̀ kalẹ̀, tó ń gbọn eruku kúrò lára kóòtù. Ìgbà náà ló wá ní, "Dáírẹ́kítọ̀, ẹ gbìyànjú. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ò ní í le tó báyìí."

Ọdún márùndínlógójì ni Akínwọlé fi ṣiṣẹ́ ìjọba. Akọ̀wé kékeré ló bá wọlé, dáírẹ́kítọ̀ ló bá jáde. Kò sí ẹni tó lè nawọ́ sí afárá kan tàbí kànga kan pé òun ló ṣe é, ṣùgbọ́n kò sí fáìlì tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá tí kò wúwo sí i. Ó gbà tọkàntọkàn pé ọ̀ràn tí a bá ti kọ sílẹ̀, tí a fi déètì sí, tí a sì fi sínú fáìlì, a ti yanjú ìdajì rẹ̀. Ìdajì kejì, ẹlòmíràn ni yóò ṣe é.

Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, dírẹ́bà rẹ̀ a máa tan ọkọ̀ sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí kí ọ̀gá tó jáde, kí inú ọkọ̀ lè tutù dè é. Ní ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì, ìjọba gba dírẹ́bà wọn padà, ṣùgbọ́n Akínwọlé gbé àṣà náà wálé. Bó bá ní ibi í lọ, òun fúnra rẹ̀ a jáde láàárọ̀ nínú ṣòkòtò tó fi sùn, a tan jíìpù, a ti gbogbo wíńdò rẹ̀, a tan éésì, a sì padà sídìí oúnjẹ. Jíìpù a máa kùn lójúde títí ọ̀gá yóò fi jẹ búrẹ́dì àti ẹyin tán, tí gbogbo àdúgbò yóò sì ti mọ̀ pé Dáírẹ́kítọ̀ ń bọ̀ níta. Bó bá wá bọ́ sídìí ọkọ̀, a sọ wíńdò tirẹ̀ kalẹ̀, nítorí ẹni tó ti wíńdò pa kò lè juwọ́ sí ènìyàn. Wíńdò Zipporah, aya rẹ̀, tó ń jókòó lápá ọ̀tún, a wà ní títì kí afẹ́fẹ́ má baà da gèlè rú. Ìjókòó mẹ́fà yòókù a ṣófo. Akínwọlé kì í gbé ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ilẹ̀ pupa kì í bọ́rọ̀ kúrò lára kápẹ́ẹ̀tì.

Ní nǹkan bí oṣù márùn-ún sẹ́yìn, bó ti jókòó sídìí ẹyin rẹ̀, ó gbọ́ ariwo kan láti ojúde: tẹ́-tẹ́-tẹ́-tẹ́, bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí télọ̀ ń sáré tẹ̀ nígbà tí ọdún ku ọ̀la. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì jíìpù ló ti ń wá. Ó jáde, ó wò ó, ó padà wọlé. Kò pe mẹkáníìkì. Fáìlì ló mú. Fáìlì aláwọ̀ ewé ni, ó sì kọ ọ́ sí iwájú rẹ̀ gàdàgbà pé: JÍÌPÙ: Ọ̀RÀN ARIWO. APÁ KÌÍNÍ.

Ní àsìkò kan náà, orí Zipporah bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni Zipporah, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, obìnrin tí kò mọ ojú àìsàn rí. Bó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, á dùbúlẹ̀. Bó bá ti ọjà Ọ̀wọ̀ dé, á tún dùbúlẹ̀. Akínwọlé ní ọjọ́ orí ni. Ó fi jíìpù gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ọ̀wọ̀. Zipporah sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó di orí mú, ó bọ́ sórí àga dókítà. Wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní ó ti ga, wọ́n sì kọ oògùn fún un tí yóò máa lò lójoojúmọ́ títí ayé. Dókítà ní kó máa kọ ọjọ́ tí orí bá fọ́ ọ sínú ìwé kan. Oògùn náà ń mú ojú rẹ̀ ṣókùnkùn bó bá dìde lójijì, ó sì ti ṣubú nílé ìdáná lẹ́ẹ̀kan. Báyìí ni àìsàn méjì ṣe wà nínú ilé kan: ọ̀kan ní fáìlì, èkejì ní ìwé.

Nígbà tí ariwo pé oṣù kan, Akínwọlé ránṣẹ́ pe Rùfáì Zakariyah. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni Rùfáì, ó ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ní àárín ìlú Ọ̀wọ̀, bàbá rẹ̀ ló sì kọ́ ọ níṣẹ́. Ohun tó fi ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì ni rọ́bà omi kan tó gùn tó apá ènìyàn méjì: á ti ẹnu kan bọ etí, á máa fi ẹnu kejì wá ibi tí ariwo wà, bí dókítà ṣe ń gbọ́ àyà aláìsàn. Akínwọlé ní kó wá ní agogo mẹ́wàá. Ní agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀, ó ti tan jíìpù sílẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ kò gbà á kí oníṣẹ́ ọwọ́ bá ọkọ̀ òun lójú oorun.

Rùfáì dé, ó gbọ́ apá ọ̀tún, ó gbọ́ apá òsì, ó yọ rọ́bà létí.

"Dáírẹ́kítọ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n Yorùbá orí rédíò ni Akínwọlé fi ń bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sọ̀rọ̀. "Ṣé o kò gbọ́ nǹkan kan ni, tàbí o kò mọ nǹkan kan?"

"Ó lè jẹ́ méjèèjì, sà. Ṣùgbọ́n ẹ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi kó sùn. Ariwo mìíràn wà tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Èyí tí ẹ ti jí sílẹ̀ dè mí yìí ti wẹ̀, ó ti para, ó ń kí mi bí àlejò."

"Jíìpù mi kò ní í sùn ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì."

"Kí ló máa ṣe é níbẹ̀, sà?"

 Ohun tó ń ba Akínwọlé lẹ́rù kì í ṣe olè. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ni ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ń ṣe ìpàdé ní Ọ̀wọ̀, iwájú ṣọ́ọ̀bù Rùfáì sì ni wọ́n ń gbà lọ. Akínwọlé ni igbákejì alága. Ó mọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ nígbà tí ọkọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ wà lórí òkúta níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Rùfáì wá lẹ́ẹ̀kejì, ó tún wá lẹ́ẹ̀kẹta, ní agogo mẹ́wàá tí wọ́n fún un. Ìgbàkígbà tó bá dé, jíìpù ti gbóná, ó sì ti dákẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wá lówùúrọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Akínwọlé ní òun kì í gba àlejò ṣáájú oúnjẹ àárọ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó kọ kúẹ́rì sí i.

Kúẹ́rì gidi ni, orí ìwé tó ní orúkọ Akínwọlé lókè ló tẹ̀ ẹ́ sí. Ó pàṣẹ fún Rùfáì kí ó ṣàlàyé láàárín wákàtí méjìdínláàádọ́ta ìdí tí a kò fi ní í gbé ìgbésẹ̀ ìbáwí lórí rẹ̀, nítorí pé ó kùnà láti gbọ́ ariwo tí ọ̀gá rẹ̀ gbọ́ kedere. Rùfáì ní kí aládùúgbò òun kà á fún òun lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, ó fi í sínú ọ̀rá, ó so ó mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà, ó sì fi ẹnu ránṣẹ́ padà: "Ẹ sọ fún Dáírẹ́kítọ̀ pé mo ti rí kúẹ́rì gbà. Bí wọ́n bá fẹ́ dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọjọ́ tí wọ́n gbà mí sí i."

Akínwọlé kọ ìyẹn náà sínú fáìlì, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Ó wá gbọ́ pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Ìdóàní, Moyinolúwa, tó ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ wò. Ó fẹ́ràn èyí. Kọ̀ǹpútà kò ní í ní kó wá sùn. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, òun àti Zipporah gbéra. Ó kọ́kọ́ tan jíìpù sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí bí ìṣe rẹ̀, lẹ́yìn náà ó wà á láti Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ títí dé Ìdóàní, ó ń juwọ́ sí àwọn tó mọ̀ àti àwọn tí kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n fi dé ọ̀hún, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ti gbóná bí ààrò. Moyinolúwa so wáyà mọ́ ọkọ̀, ó wo ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Dádì, kò sí àṣìṣe kankan. Ara ọkọ̀ yín le ju tèmi lọ."

Bí Akínwọlé ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn, Zipporah ṣílẹ̀kùn, ó sọ ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, ó sì bì sórí bàtà ara rẹ̀. Wọ́n gbé omi fún un, wọ́n gbé àga fún un sábẹ́ ibòji. Ó jókòó níbẹ̀ fún wákàtí kan, ojú rẹ̀ dà bí eérú. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ní kó wọlé kí wọ́n máa lọ, ó mi orí.

"Bàbá Tiwátọ́pẹ́, ẹ máa lọ. Màá wá bọ́ọ̀sì wọ̀."

"Bọ́ọ̀sì? Nígbà tí jíìpù ń bẹ?"

"Nígbà tí jíìpù ń bẹ."

Nínú bọ́ọ̀sì, láàárín àpò gààrí àti ènìyàn mẹ́tàdínlógún, orí rẹ̀ fúyẹ́. Ohun tó jẹ́ ìyàlẹ́nu fún un nìyẹn, olùkọ́ sì ni, kì í fi ìyàlẹ́nu sílẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó délé, ó mú ìwé tí dókítà ní kó máa kọ, ó sì mú fáìlì aláwọ̀ ewé lórí tábìlì ọkọ rẹ̀, ó fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Gbogbo ọjọ́ tí orí fọ́ ọ ni ọjọ́ tó wọ jíìpù. Ọjọ́ tí kò wọ̀ ọ́, orí kò fọ́. Fáìlì náà sì rèé, ọwọ́ Akínwọlé fúnra rẹ̀ ló fi kọ ọ́, ó dára, ó gún, fún oṣù mẹ́rin gbáko: agogo méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ariwo wà, agogo méje kọjá ogójì ìṣẹ́jú, ariwo ti lọ. Agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀, mo tan ọkọ̀, ariwo wà, agogo mẹ́wàá, mẹkáníìkì dé, ó ní òun kò gbọ́, ìwà àìbìkítà. Ojú ìwé mọ́kànlélógún ló kọ bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn wà lórí gbogbo wọn. Akínwọlé kò ka fáìlì náà rí. Ó ń kọ ọ́ ni.

Ní ọjọ́ Ajé, Zipporah gun ọ̀kadà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Rùfáì. Òun ló kọ́ Rùfáì ní kíláàsì kẹrin, ọdún kìíní tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́. Rùfáì nu àga fún un, ó sì dúró.

"Jókòó," ni Zipporah wí. "Mo fẹ́ ka nǹkan fún ẹ."

Ó kà á. Nígbà tó dé ojú ìwé kẹta, Rùfáì gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé.

"Màmá, ẹ dákẹ́ ná. Orí yín ń fọ́ nínú ọkọ̀?"

"Ó ń fọ́. Níjẹta yìí, mo bì."

"Orí Dáírẹ́kítọ̀ ńkọ́?"

"Wíńdò tiwọn máa ń ṣí."

Rùfáì dìde. "Màmá, ẹ má wọ ọkọ̀ yẹn mọ́. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dà?"

Ní ọjọ́ kejì, agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, Rùfáì wà lẹ́nu géètì. Zipporah ti so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró láti alẹ́. Ó ṣí géètì, ó fún un ní kọ́kọ́rọ́, Rùfáì sì gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Ó tutù. Ó tan án. Tẹ́-tẹ́-tẹ́-tẹ́, ariwo náà bẹ̀rẹ̀ kíákíá, bí ẹni tí wọ́n ti ń dí lẹ́nu láti ọjọ́ yìí wá.

Akínwọlé jáde ní ilé ìwẹ̀, táwẹ́ẹ̀lì ní ìdí, ọṣẹ ní etí. "Ta ló fún ọ láṣẹ?"

"Èmi ni," ni Zipporah dáhùn.

Rùfáì kò gbójú sókè. Ó ti fi rọ́bà wá apá ọ̀tún dé ẹ̀yìn, níbi tí irin tó ń kó èéfín láti ara ẹ́ńjìnnì lọ sínú sàlẹ́ńsà ti so mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Ó pa á, ó fi tọ́ọ̀ṣì sí i, ó ti ìka bọ ibẹ̀, ó sì yọ ọ́ jáde ní dúdú kirikiri.

"Dáírẹ́kítọ̀, ẹ wò ó. Bóòtù méjì tó so irin yìí mọ́ ẹ́ńjìnnì ti kán níbí. Bó bá tutù, àlàfo á wà, èéfín á máa gba ibẹ̀ jáde, á máa pariwo. Bó bá gbóná, irin á fẹ̀, ariwo á dákẹ́. Ṣùgbọ́n ariwo nìkan ló ń dákẹ́. Èéfín ṣì ń rí àyè kọjá, éésì yín sì ń fà á wọ inú ọkọ̀. Ìdajì wákàtí tí ẹ fi ń ti wíńdò tí ẹ ń tan án sílẹ̀ yẹn, èéfín lẹ ń rọ sínú rẹ̀ de Màmá."

 Ọṣẹ já bọ́ láti etí Akínwọlé sí èjìká rẹ̀. Ó yẹ kí a kọ ohun tó kọ́kọ́ sọ sílẹ̀ bó ti sọ ọ́ gan-an, nítorí Zipporah kò tíì gbàgbé rẹ̀.

"Ṣé kò ṣeé ṣe níhìn-ín?"

"Kí ni kò ṣeé ṣe níhìn-ín?" ni Zipporah bi í.

"Àtúnṣe náà. Kó má baà di pé ó ń sùn níta."

Zipporah wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, kò sì jìnnà, nítorí táwẹ́ẹ̀lì nìkan ló wà láàárín. "Bàbá Tiwátọ́pẹ́, oṣù mẹ́rin ni mo fi ń gbé oògùn mì. Mo ṣubú nílé ìdáná. Ọkọ̀ yìí á sùn níta títí á fi sú u."

Rùfáì gbé jíìpù lọ. Nǹkan kan ṣoṣo tí Akínwọlé rí gbà ni pé kí wọ́n fi tapólì bò ó. Ìyẹn ló sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ọkọ̀ tó wà ní gbangba ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, kò sí ẹni tó ń wò ó. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ bí òkú ọlọ́lá, tó sì tóbi tó bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń gbé etí tapólì sókè. Nígbà tó fi di ọ̀sán Ọjọ́rú, akọ̀wé ẹgbẹ́ ti wá fúnra rẹ̀, ó ti gbé etí tapólì, ó ti ka nọ́ńbà. Ó rí kúẹ́rì lára ògiri pẹ̀lú, ó sì tọrọ àyè láti ya fọ́tò rẹ̀.

Bóòtù tó kán sínú irin kì í rọrùn láti yọ, tuntun sì ní láti ti Àkúrẹ́ wá. Ìdí nìyẹn tí ìpàdé ọjọ́ Ẹtì fi bá Akínwọlé láìní ọkọ̀. Ní ìpàdé náà, ẹnikẹ́ni kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n kàn ka ìwé ìpàdé tó kọjá, nígbà tó sì kan ọ̀rọ̀ tó jẹyọ nínú rẹ̀, akọ̀wé dìde, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá igbákejì alága ti rí èsì kúẹ́rì rẹ̀ gbà.

Jíìpù padà dé ní ọjọ́ Ajé. Láàárọ̀, bí ó bá tutù, kò sọ nǹkan kan. Orí Zipporah kò fọ́ láti ọjọ́ Ìdóàní. Ojú ìwé rẹ̀ funfun. Ṣùgbọ́n oògùn wà níbẹ̀ síbẹ̀, ó ń lò ó láràárọ̀, ó ń di ògiri mú bó bá dìde, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé kó má lò ó mọ́ àfi dókítà tó kọ ọ́, ẹni tí kò mọ̀ pé inú èéfín ni aláìsàn òun ti bọ́ sórí àga òun lọ́jọ́ náà.

Akínwọlé ní òun yóò kọ lẹ́tà sí dókítà, òun á ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ ní kíkún, òun á so ẹ̀dà fáìlì mọ́ ọn. Ó tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀: nínú ohun tó kọ, ojú ìwé kan àtààbọ̀ ni, a kò rí ibi tó ti dárúkọ ẹni tó ń ti wíńdò. Zipporah kà á tán, ó fi pẹ́ńsù pupa fa ìlà kọdọrọ lórí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ẹnu lẹ máa fi sọ ọ́," ni ó wí. "Níwájú mi. Ẹ ò gbọdọ̀ mú ìwé kankan dání."

"Kí ni kí n sọ?"

"Ohun tí ẹ ń ṣe láràárọ̀ kí ẹ tó jẹ ẹyin."

Zipporah ti bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, ni wọ́n fún un, òun ni ẹnì kẹta lórí ìlà. Wọ́n á tún ìfúnpá rẹ̀ wọ̀n, dókítà á sì sọ bóyá kó dá oògùn náà dúró. Orúkọ méjì ni nọ́ọ̀sì kọ sílẹ̀, ti aláìsàn àti ti ọkọ rẹ̀.